Ohun Tí Wáyà Ń Ṣe Nígbà Tí A Kò Rán An Níṣẹ́

Mo ti rí fáàfù tó kú ikú ọjọ́ ogbó. Okùn iná inú rẹ̀ ti rẹ̀, agbára tó ń gbé jáde ti ń dín kù láti ọdún dé ọdún, ẹni tó ni ín sì ti mọ̀ tipẹ́ pé àsìkò tó láti wá òmíràn. Irú ikú bẹ́ẹ̀ kì í dùn mí. Èyí tó ń dùn mí ni ti fáàfù tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nínú páálí, tó wọ inú áńpùlífáyà láàárọ̀, tó sì ti di òkú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó ni ín á bẹ̀rẹ̀ sí í bú àwọn tó ṣe é, á tún lọ ra òmíràn, èyí náà á sì bá ti àkọ́kọ́ lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, fáàfù náà kò ṣẹ̀. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an ló pa á.

Kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí fáàfù jẹ́, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ìwòyí kò bá a láyé. Àwọn tó dàgbà díẹ̀ yóò rántí rédíò onígi ńlá orí tábìlì, tí a máa ń tàn, tí a ó sì jókòó dè é kí inú rẹ̀ gbóná kó tó lè sọ̀rọ̀. Àwọn gílóòbù kéékèèké tó ń pọ́n wẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ ni fáàfù. Wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú gíláàsì wọn jáde. Okùn iná kan wà láàárín, bó sì ṣe ń gbóná ni elẹ́kítírọ́ọ̀nù ń bọ́ kúrò lára rẹ̀. Irin kan tí a ń pè ní áńódì yí i ká, fólìtì ńlá ló wà lórí irin yẹn, òun ló ń fa elẹ́kítírọ́ọ̀nù mọ́ra. Gíríìdì wà láàárín àwọn méjèèjì: wáyà tín-ín-rín tí wọ́n tò yí okùn iná ká. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ló fi gíríìdì kún un ní 1906. Àfikún yẹn ló jẹ́ kí fáàfù lè sọ ohun kékeré di ńlá, torí bí fólìtì orí gíríìdì bá yí padà díẹ̀, kọ́rẹ́ǹtì tó ń lọ sí áńódì á yí padà púpọ̀.

Nínú rédíò ilé, tìràǹsísítọ̀ ti gba ipò fáàfù tipẹ́. Níbi tí a ti ń fi agbára ńlá ju ohùn sójú ọ̀run, fáàfù ṣì ń bẹ, pàápàá lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe rédíò fún ìfẹ́ ọkàn ara wọn, tí ìjọba fún láṣẹ láti máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn. Tiwa ní Nàìjíríà, 5N ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ lójú afẹ́fẹ́ fi ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan lára fáàfù tí irú àwọn èèyàn yìí mọ̀ jù ni 3-500Z. Ilé iṣẹ́ Eimac ló gbé e jáde, èyí tí Bill Eitel àti Jack McCullough dá sílẹ̀ ní San Bruno, ní ìpínlẹ̀ California, ní 1934. Àwọn méjèèjì ti ń ṣe rédíò fún ìfẹ́ ọkàn kí wọ́n tó sọ ọ́ dòwò.

Tí ẹ bá gbé 3-500Z lọ́wọ́, ó kún ọwọ́. Ẹsẹ̀ 5 ló ní nísàlẹ̀: 2 fún okùn iná, 3 fún gíríìdì nìkan. Áńódì rẹ̀ ní tiẹ̀ yọrí lókè gíláàsì. Okùn iná yẹn ń gba 5 fólìtì, ó sì ń mu kọ́rẹ́ǹtì tó tó 14.5 áńpíà. Áńódì lè fara da ooru 500 wáàtì, tó bá sì ń ṣiṣẹ́, ó máa ń pọ́n. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ á sá sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ pípọ́n yẹn wúlò fún un, torí nǹkan kan wà lára áńódì náà tó jẹ́ pé àfi tó bá gbóná ló tó lè gbé atẹ́gùn tó bá ṣẹ́kù nínú gíláàsì mì. Mo ń sọ gbogbo èyí kó lè yé yín pé fáàfù yìí kì í ṣe ọ̀lẹ. Tí ẹnì kan bá sọ fún mi pé iṣẹ́ pọ̀ jù fún un ló ṣe kú, ohun tí mo máa ń bi í ni pé iṣẹ́ wo.

Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an yẹn, gbogbo wa la ti gbọ́ irú rẹ̀ níbi ìnáwó. Alága ìdúró gba máìkì, ó rìn sún mọ́ sípíkà, kó tó la ẹnu, fíìììì! Gbogbo èrò di etí. Ohùn kékeré kan ló wọ inú máìkì, áńpùlífáyà sọ ọ́ di ńlá, sípíkà tú u síta, máìkì tún gbọ́ ọ, ó tún dá a padà sínú. Ẹ̀rọ náà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tàbí tí alága bá gbé máìkì kúrò níwájú sípíkà, yóò dákẹ́. Nǹkan méjì ló gbọ́dọ̀ pé kí irú èyí tó ṣẹlẹ̀. Ohun tó ń padà wá gbọ́dọ̀ tó èyí tó kọ́kọ́ wọlé ní títóbi, ó sì gbọ́dọ̀ dé ní àsìkò tí yóò fi ti èyí tó wà níbẹ̀ síwájú dípò kó dá a dúró. Orúkọ Heinrich Barkhausen, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Dresden ní Jámánì, ni wọ́n fi ń pe òfin yìí. Bí fáàfù ṣe ń ṣe é náà nìyẹn, àmọ́ ti máìkì, etí wa ń gbọ́ ọ. Ti fáàfù ga kọjá ohun tí etí lè gbọ́.

Ó yẹ kí n sọ pé ohun yìí kan náà ló bí tìráńsímítà. Ní 1912, Edwin Armstrong, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Columbia, wà nílé àwọn òbí rẹ̀ ní Yonkers nítòsí New York, ó ń dá díẹ̀ lára ohun tó jáde láti áńódì padà sí gíríìdì. Ibùdó tó jìnnà réré ni ó ń gbọ́ ketekete. Tó bá wá dá a padà jù, fáàfù á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé, òun fúnra rẹ̀ á sì di orísun ìgbì rédíò. Armstrong àti de Forest jọ fa ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́kọ́ rí i dé ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, ilé ẹjọ́ sì dá de Forest láre ní 1934, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹnjiníà gbà títí dòní pé Armstrong ni nǹkan náà yé. Èmi náà wà lára wọn. Nítorí náà mi ò lè pe ìgbọ̀n, bí a ṣe ń pe irú súfèé yìí, ní ọ̀tá. Èyí tí a fẹ́, tí a sì yan ibi tí yóò ti máa gbọ̀n fún, ló ń gbé ohùn wa kọjá òkun. Èyí tí a kò pè, tó ń gbé lára fáàfù láìní gbòǹgbò tirẹ̀, tó sì ń jẹ lára iná tí a fi ń bọ́ fáàfù, ìgbọ̀n afòmọ́ ni. Òun ni mo ní í bá wí.

Ọ̀nà wo ni ohun tó jáde ń gbà padà wọlé nígbà tí ẹnikẹ́ni kò so wáyà ìdápadà mọ́ ọn? Irin méjì tó bá dojú kọra láìkanra, kàpásítọ̀ ni wọ́n, bó ti wù kó kéré tó. Áńódì àti gíríìdì sì dojú kọra nínú gíláàsì kan náà. Ní nǹkan bí 1920, John Miller ti ṣàlàyé pé bí fáàfù bá ṣe ń sọ nǹkan di ńlá tó, bẹ́ẹ̀ ni kàpásítọ̀ kékeré yìí ń ṣe bí ẹni tóbi tó lẹ́nu ọ̀nà ìwọlé rẹ̀. Ní 1923, Louis Hazeltine, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Stevens Institute ní Hoboken, gbé rédíò tó pè ní Neutrodyne jáde. Kàpásítọ̀ kékeré kan ló fi ń rán nǹkan padà ní òdì kejì, kó lè pa èyí tó ń jò wọlé rẹ́. Àwọn kan fi gíríìdì kejì sáàárín. Àwọn mìíràn so gíríìdì fúnra rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, wọ́n wá ń gba ẹnu kátódì, ìyẹn okùn iná fúnra rẹ̀, mú iṣẹ́ wọlé, kí gíríìdì lè dínà láàárín ìwọlé àti ìjáde. Bí wọ́n ṣe ń lo 3-500Z nìyẹn. Tí gíríìdì rẹ̀ bá wà nílẹ̀, kàpásítọ̀ tó kù láàárín áńódì àti kátódì kò ju nǹkan bí 0.07 pF lọ. Lórí ìwé, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kì í ya wáyà bí wáyà ṣe rí. Ẹni tó ya àwòrán áńpùlífáyà á fa ìlà kan láti áńódì dé kàpásítọ̀ ńlá tí a fi ń wá ojú ìgbì, kò ní kọ nọ́ńbà kankan sí i, torí ìlà lásán ni lójú rẹ̀. Nínú áńpùlífáyà gan-an, ìlà yẹn jẹ́ wáyà tàbí awẹ́ bàbà, ó sì lè gùn tó 20 sẹ̀ǹtímítà kó tó gòkè, kó tó yí, kó tó dé ibi tó ń lọ. Wáyà tó gùn tó bẹ́ẹ̀, kọ́ìlì kékeré ni, kọ́ìlì tó tó bí 0.2 microhenry. Kàpásítọ̀ ara fáàfù méjì tí a so pọ̀, pẹ̀lú ti irin àyíká wọn, lè tó 10 pF. Ẹ ṣírò wọn pọ̀, ibi tí wọ́n á ti máa gbọ̀n kò jìnnà sí 112 MHz. Áńpùlífáyà tí a ṣe fún ìgbì 3.5 sí 30 MHz ti wá ní tìráńsímítà mìíràn nínú, èyí tí ẹnikẹ́ni kò yà, tí kò sì ní súìsì tirẹ̀.

Níbi gíga yẹn náà ni gíríìdì kò ti lè dínà mọ́. Ẹsẹ̀ tó gbé e lọ sílẹ̀, wáyà lòun náà, ó ní gígùn tirẹ̀. Ohun tó jẹ́ ilẹ̀ fún ìgbì 7 MHz kì í ṣe ilẹ̀ mọ́ fún ìgbì 112 MHz. Ibi tó yẹ kí gíríìdì ti dúró gbọn-in, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì pẹ̀lú áńódì. Àǹfààní ẹsẹ̀ 3 tí 3-500Z ní fún gíríìdì nìyẹn: kí a lè so gbogbo wọn mọ́ irin ìsàlẹ̀ ní kúkúrú. Inú mi kì í dùn tí mo bá rí áńpùlífáyà tí wọ́n so ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú rẹ̀, tí wọ́n tún fi wáyà gígùn so ó, tí ẹni tó ṣe é sì ń sọ pé mítà òun fi hàn pé ó kan ilẹ̀. Bátìrì ni mítà náà fi wádìí. Bátìrì kò mọ nǹkan kan nípa 112 MHz.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú gíláàsì náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Ká ní ìgbì 7 MHz la wà. Gbogbo kọ́ìlì àti kàpásítọ̀ tó wà láàárín áńódì àti ẹ́ríà tó ń ju ìgbì síta ni a ti tò fún un, agbára tó bá jáde lójú ìgbì yẹn á rí ọ̀nà lọ. Agbára tó bá bẹ̀rẹ̀ ní 112 MHz kò rí ọ̀nà kankan. Kọ́ìlì ńlá dí i lọ́nà pátápátá, kàpásítọ̀ ńlá sì já a sílẹ̀ gbalaja, ó wá ń lọ ó ń bọ̀ láàárín áńódì àti kàpásítọ̀ náà, ó ń ga sí i bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ìlọbọ̀ mílíọ̀nù 112 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kò sí ẹrù tó ń dín in kù. Bí fólìtì orí áńódì bá wá já wálẹ̀ nínú mímì yìí, elẹ́kítírọ́ọ̀nù kò rí ẹni tó ń fà wọ́n mọ́ra mọ́, wọ́n á ya bo gíríìdì. Áńódì tó lè gba 500 wáàtì kọ́ ni ìyà náà bọ́ sí lọ́rùn. Ti gíríìdì 3-500Z, 20 wáàtì péré ni wọ́n kọ sílẹ̀ fún un. Wáyà tín-ín-rín yẹn á pọ́n, á rọ̀, á tẹ̀, á sì lọ kan okùn iná. Tàbí kó já. Tàbí kí òun fúnra rẹ̀ gbóná débi pé yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tú elẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, tí kò ní lè darí ohunkóhun mọ́. Níta gíláàsì, iná ń ta láàárín àwo kàpásítọ̀, ojú súìsì tí a fi ń yí láti ìgbì dé ìgbì sì ń jó.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í fi fáàfù tuntun rọ́pò òkú láìbi òkú léèrè. Ọkùnrin kan gbé áńpùlífáyà wá bá a ní ṣọ́ọ̀bù nígbà kan. Fáàfù méjèèjì inú rẹ̀ ti kú, ó sì ti mú méjì tuntun dání. Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ ṣáà bá mi kì wọ́n bọ̀ ọ́, mo fẹ́ lò ó lálẹ́ òní.” Ọ̀gá gba páálí náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè orí àpótí níbi tí ọwọ́ kò ti lè tètè kàn án, ó ní, “Ẹ jókòó ná. Àwọn tó kú yìí fẹ́ bá wa sọ̀rọ̀.”

Ó yọ púlọ́ọ̀gì kúrò lára ògiri. Ó fi ọ̀pá tí a so wáyà ilẹ̀ mọ́ kan ibi tí fólìtì ńlá ń gbà kọjá, ó dúró díẹ̀, ó tún kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Bó ṣe ń ṣe nígbà gbogbo nìyẹn, àní tó bá jẹ́ pé àná ni wọ́n ti pa ẹ̀rọ náà. Kàpásítọ̀ tó ń tọ́jú 3000 fólìtì lè gba ẹ̀mí èèyàn, kò sì mọ ọ̀gá yàtọ̀ sí ọmọṣẹ́. Lẹ́yìn náà ló fa àwọn fáàfù yọ, ó gbé èkíní lọ sójú fèrèsé, ó ń yí i wò díẹ̀díẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀. Gíláàsì rẹ̀ mọ́ gaara, kò sí eérú funfun nínú rẹ̀, èyí ni pé afẹ́fẹ́ kò wọlé. Áńódì rẹ̀ dúró ṣánṣán, kò wọ́, kò tẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó yẹ kí gíríìdì ti dúró tààrà, wáyà rẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ti sọ̀ sínú. Ọ̀gá fi mítà kan ẹsẹ̀ okùn iná àti ẹsẹ̀ gíríìdì, mítà já lọ sí òdo. Wọ́n ti kanra.

Ó yíjú sí mi. “Rẹsísítọ̀ tó wà lọ́nà áńódì yẹn, kà á fún mi.” Ó ti dúdú, ara rẹ̀ ti sán. Èyí tó yẹ kó jẹ́ 47 óòmù, mítà kò rí nǹkan kan kà lára rẹ̀, ó ti já nínú. Mo sọ fún un. Ó mi orí, ó ní kí n wo àwo kàpásítọ̀ ńlá. Mo rí àpá kéékèèké létí àwọn àwo náà, ibi tí iná ti jẹ irin. “Ó tó,” ni ó sọ fún ọkùnrin náà. “Ká ní mo bá yín kì wọ́n bọ̀ ọ́, ẹ̀ bá padà wá lọ́la.”

Rẹsísítọ̀ yẹn tọ́ sí àlàyé, torí nǹkan kékeré ni, kò sì wọ́n, bẹ́ẹ̀ lórí rẹ̀ ni ẹ̀mí fáàfù dúró sí. Kọ́ìlì kékeré kan ni wọ́n ká yí i ká, wọ́n so àwọn méjèèjì pọ̀ lórí kan náà, wọ́n fi wọ́n sí ojú ọ̀nà áńódì gan-an. Ká ní kọ́ìlì náà jẹ́ 0.1 microhenry. Ní 7 MHz, ìdènà rẹ̀ kò ju 4.4 óòmù lọ, gbogbo kọ́rẹ́ǹtì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba inú kọ́ìlì kọjá, rẹsísítọ̀ kò mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Ní 112 MHz, ìdènà kọ́ìlì kan náà ti di 70 óòmù, kọ́rẹ́ǹtì wá rí i pé rẹsísítọ̀ 47 óòmù ló rọrùn láti gbà. Ibẹ̀ ni ìgbọ̀n afòmọ́ ti ń di ooru tó ń tán sínú afẹ́fẹ́, kí ó tó ráyè ga. Ṣùgbọ́n ẹ wo 28 MHz: ìdènà kọ́ìlì ti tó 17.6 óòmù, díẹ̀ lára iṣẹ́ tí a fẹ́ ti ń gba inú rẹsísítọ̀, ó ń gbóná. Ẹni tó bá ń lo áńpùlífáyà rẹ̀ lójú ìgbì yẹn lójoojúmọ́ ń sè é díẹ̀díẹ̀. Iye rẹ̀ á yí padà, á sán, á já. Lọ́jọ́ tó bá já, kò sí ohun tí yóò yí padà lójú ẹni tó ń lò ó, torí kọ́ìlì ṣì ń gbé iṣẹ́ kọjá. Olùṣọ́ nìkan ni kò sí mọ́.

Mo ti rí i tí wọ́n fi rẹsísítọ̀ oníwáyà rọ́pò irú èyí, torí ó tóbi, ó sì lágbára. Wáyà tí wọ́n ká ni inú rẹsísítọ̀ oníwáyà, ìyẹn ni pé kọ́ìlì ni wọ́n fi rọ́pò rẹsísítọ̀. Agbára kọ́ ni a ń wá níbẹ̀. Ohun tí a ń wá ni ohun tí yóò ṣì jẹ́ rẹsísítọ̀ ní 112 MHz.

Ọ̀gá pa awẹ́ bàbà tó lọ sí áńódì kúrú bó ṣe lè ṣe é, ó so gbogbo ẹsẹ̀ gíríìdì mọ́ irin ìsàlẹ̀, ó ṣe rẹsísítọ̀ àti kọ́ìlì tuntun fún fáàfù kọ̀ọ̀kan. Ìgbà yẹn ló tó gbé páálí sọ̀kalẹ̀. Síbẹ̀ kò fún áńpùlífáyà náà ní fólìtì tó pé lẹ́ẹ̀kan. Ó fi fólìtì kékeré bẹ̀rẹ̀, kò jẹ́ kí iṣẹ́ kankan wọlé, ó kàn jẹ́ kí kọ́rẹ́ǹtì ìsinmi máa ṣàn. Ó wá ń yí àwọn bọ́tìnì láti òpin kan dé èkejì, lójú ìgbì kọ̀ọ̀kan, ojú rẹ̀ kò kúrò lára mítà gíríìdì. Nígbà tí iṣẹ́ kankan kò wọlé, mítà yẹn kò gbọ́dọ̀ kúrò ní òdo, bó ti wù kí bọ́tìnì yí tó. Kọ́rẹ́ǹtì áńódì kò gbọ́dọ̀ fò. Ó gbé rédíò kékeré tó ń gba FM sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì, ó ní kí n máa gbọ́ ìròyìn. Mo rò pé ìròyìn ló fẹ́ gbọ́ lóòótọ́, àfi ìgbà tó ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ ìgbọ̀n afòmọ́ ń bọ́ sí àárín 88 sí 108 MHz, níbi tí ibùdó FM wà, àti pé tí ìròyìn bá ṣàdéédéé pòórá, kí n pa iná.

Ohun tó wá ga ju 108 lọ, tó fi dé 118 MHz, àwọn ẹ̀rọ tó ń tọ́ ọkọ̀ òfuurufú sọ́nà ló ni ín, bí èyí tí a ń pè ní VOR, tó ń jẹ́ kí awakọ̀ òfuurufú mọ apá ibi tó wà sí ibùdó VOR náà. 112 MHz tí mo ṣírò lókè bọ́ sáàárín rẹ̀. Mo máa ń rán àwọn tó bá ń sọ pé áńpùlífáyà àwọn ni, fáàfù àwọn ni, owó àwọn ni, létí pé ojú afẹ́fẹ́ kì í ṣe ti àwọn nìkan.

Àríyànjiyàn ńlá wà láàárín àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí lórí iye òkú tó yẹ ká kà sí ìgbọ̀n afòmọ́ lọ́rùn. Àwọn kan gbà pé òun ló wà nídìí gbogbo ariwo gbàà tí áńpùlífáyà bá pa. Àwọn mìíràn ní asán ni. Lójú tèmi, àwọn méjèèjì ń yára jù. Fáàfù tó ti wà nínú páálí fún ọ̀pọ̀ ọdún lè ti ní atẹ́gùn díẹ̀ nínú. Ẹni tó fún un ní 3000 fólìtì lẹ́ẹ̀kan náà á gbọ́ gbàà, kò sì sí ìgbọ̀n kankan níbẹ̀. Atẹ́gùn ló gbé iná kọjá. Kàpásítọ̀ 25 microfarad tó ní 3000 fólìtì nínú ń gbé nǹkan bí 112 joule, gbogbo rẹ̀ á sì tú sínú fáàfù àfi tí nǹkan bá dá a dúró. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹsísítọ̀ 25 óòmù lójú ọ̀nà fólìtì ńlá yẹn: kọ́rẹ́ǹtì kò ní lè kọjá 120 áńpíà, bó ti wù kí iná náà bínú tó. Ẹni tí kò so ẹ́ríà rẹ̀ dáadáa, tàbí tó ń ti iṣẹ́ wọlé ju bó ṣe yẹ lọ, ń sun gíríìdì bákan náà, láìsí afòmọ́ kankan. Mo gbà pé irú àwọn wọ̀nyí ń pa fáàfù púpọ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fara mọ́ ọ̀nà ọ̀gá mi: ká yí gíláàsì wò ní ìmọ́lẹ̀, ká ka rẹsísítọ̀, ká wo etí àwo kàpásítọ̀, ká tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Tí rẹsísítọ̀ bá pé, tí àwo kàpásítọ̀ kò ní àpá, mo máa ń wá ẹlẹ́ṣẹ̀ náà níbòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi máa ń sọ pé ayé fáàfù ti lọ, pé tìràǹsísítọ̀ ńlá ló kù tí wọ́n fẹ́ mọ̀. Òótọ́ ni pé ó ti ń gba ọjà. MRF1K50H kan ṣoṣo, tí kò tóbi rárá, lè gbé 1500 wáàtì jáde pẹ̀lú 50 fólìtì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó lè ṣiṣẹ́ dé: láti 1.8 títí dé 500 MHz. Níbi tí agbára fáàfù ti ń rẹ̀, ara òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yá ni. Tí 3-500Z bá wọ inú ìgbọ̀n, ó lè fún wa láyè díẹ̀, mítà á fò, áńódì á pọ́n, ọwọ́ lè dé súìsì. Tìràǹsísítọ̀ á ti lọ kí mítà tó mì.

Torí náà mi ò kì í fún wọn ní irin ìjólẹ́ẹ̀dì lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé. Mo máa ń gbé áńpùlífáyà tó ti ṣí sílẹ̀ síwájú wọn, èyí tó jẹ́ onífáàfù, pẹ̀lú àwòrán rẹ̀ àti rúlà. Mo ní kí wọ́n wọn gbogbo wáyà tó wà lójú ọ̀nà áńódì àti ti gíríìdì, kí wọ́n fi bírò pupa kọ gígùn rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà tó dúró fún un lórí àwòrán, ní sẹ̀ǹtímítà, kí wọ́n sì ṣírò ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan á ti máa gbọ̀n.